Wọ́n ní ikọ́ fée ti fi ọmọ mi sílẹ̀: ṣé kí n gba ínhélà lọ́wọ́ rẹ̀?

ÌyáTifẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ náà pé ọdún 11 lóṣù tó kọjá. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, tàbí tí ará ilé kejì bá tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa, oorun ti bọ́ lójú wa nìyẹn. Àyà rẹ̀ á máa dún fíì, fíì, bí fèrè tó ti sán. Kòtò ọ̀fun rẹ̀ á máa jìn wọlé, èjìká á gbé sókè. Bó bá fẹ́ sọ pé "Mọ́mì, omi", á sọ "Mọ́mì", á dúró mí, kó tó sọ "omi". Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà lóru, láti Ìjọ̀kà wọ àárín Àkúrẹ́ lọ sí ọsibítù.

Dókítà kọ ínhélà méjì fún un. Ti búlúù, ó ń fà á nígbà tí àyà bá há. Ti búráùn, ó ń fà á láàárọ̀ àti lálẹ́, ara ìbáà yá, ara ìbáà má yá. Láti ìgbà tí a ti di ti búráùn yìí mú gírígírí, ọdún kejì rèé, kò gbé e mọ́. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń sáré, ó ń sùn mọ́jú.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Oǹdó. Wọ́n rí i tó ń fa ínhélà láàárọ̀, wọ́n ní, "Kí ló tún ń fà á fún? Ọmọkùnrin tó bá ti ń sún mọ́ ìbàlágà, ó máa ń fi wọ́n sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe oògùn yìí lẹ fi ń pe àìsàn náà padà?" Wọ́n ní ó ṣe àbúrò ọkọ mi náà ní kékeré, bó ṣe wọ ilé-ìwé gíga ló lọ, kò sì padà mọ́. N kò lè bá wọn jiyàn, wọ́n tọ́ ọmọ jù mí lọ. Ọkọ mi náà ti ń sọ pé ká dá owó ínhélà dúró, ká fi kún owó ilé-ìwé, torí bọ́ọ̀dìnì ni Tifẹ́ ń lọ ní Oǹdó lóṣù kẹsàn-án.

Ṣé lóòótọ́ ni ikọ́ fée máa ń fi ọmọ sílẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti lọ pátápátá? Ẹ̀rù ń bà mí.

Bàbá_Ìbejì

Mọ́mì Tifẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó máa ń lọ. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó bá mi jà títí mo fi pé ọmọ ọdún 13. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n gbálẹ̀ nílé, kí n má baà fa eruku símú. Mo ti di ẹni ọdún 44 báyìí. Lọ́dún tó kọjá mo bá àwọn ọmọ ìjọ wa gun òkè Ìdànrè dókè téńté, n kò mí gúlegúle ju àwọn yòókù lọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fọwọ́ kan ínhélà kẹ́yìn. Màámà ò parọ́ o.

Àṣàkẹ́_Ọ̀bá_Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn fún yín, ṣùgbọ́n tèmi kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní kékeré, ikọ́ lásán ni mo máa ń wú lóru, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan. Àbúrò mi ọkùnrin ni ti ẹ̀ ń le. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 12 tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù mi, ni tèmi wá gbérí. Bó bá ku bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí n rí nǹkan oṣù, àyà mi á há. Mo sọ fún àǹtí mi, wọ́n ní inú ló ń rò mí, wọ́n ní bí mo bá bímọ á lọ. Àbúrò mi, tirẹ̀ ti lọ. Èmi rèé, tèmi ń dàgbà bí mo ṣe ń dàgbà.

Mo ti bímọ méjì báyìí. Oyún àkọ́kọ́, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ọsibítù ṣe ilé. Oyún kejì, bí ẹni pé n kò ní in rí. Nítorí náà ẹ má gbà bí wọ́n bá sọ fún ọmọbìnrin pé ìgbà báyìí tàbí ìgbà báyìí ló máa lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Ọmọdé

Ẹ kú ìjíròrò. Nọ́ọ̀sì ni mí níhìn-ín ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 17 sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ "ó ti fi í sílẹ̀" yìí, mo ti rí ibi tó gbé àwọn ọmọ kan dé.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́. Ti Àǹtí Àṣàkẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ọmọkùnrin tó ní ikọ́ fée pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Bí ìbàlágà bá ti dé, ọ̀rọ̀ a yí padà: á máa fi ọ̀pọ̀ ọkùnrin sílẹ̀, á máa mú obìnrin sí i. Nígbà tí wọ́n bá fi dàgbà tán, obìnrin ló pọ̀ jù. Ti oyún, ohun tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti ilé-ìwé ni pé bí a bá pín àwọn aláboyún tó ní in sọ́nà mẹ́ta, ìdá kan á gbádùn sí i, ìdá kan á le sí i, ìdá kan á wà bó ṣe wà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà. Àwọn òpó tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró wa ní iṣan tó yí wọn ká. Lára ẹni tó ní ikọ́ fée, inú òpó náà máa ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀. Bí ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ bá wá kàn án, èéfín, eruku, ọ̀fìnkìn, iṣan náà á fún òpó yẹn pọ̀. Òpó ọmọ kékeré tín-ín-rín. Bó bá wú díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Bí ọmọ bá ń dàgbà, òpó ń fẹ̀ sí i, wíwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta lè má ju ikọ́ lásán lọ lọ́mọ ọdún 12. Ẹ̀yin á ní ó ti lọ. Nígbà mìíràn ó lọ lóòótọ́. Nígbà mìíràn ó sùn ni.

Àwọn kan ti fi sùúrù tọpa rẹ̀. Ní ìlú Dunedin lórílẹ̀-èdè New Zealand, wọ́n mú àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1972 sí 1973, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra títí wọ́n fi pé ọdún 26. Àwọn 613 ni àkọsílẹ̀ èémí wọn pé. Nínú wọn, 89 ni àyà wọn ń súfèé láti kékeré títí dé ọdún 26, kò fi wọ́n sílẹ̀ rárá. Àwọn 168 ni ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 168 yìí, 76 ló tún padà wá bá kí wọ́n tó pé 26. Ẹ rò ó wò: nínú àwọn tí ìyá wọn ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé ó ti lọ, ó kù díẹ̀ kí ó tó ìdajì tó padà bá.

Àwọn tí kì í fẹ́ fi sílẹ̀, tàbí tó máa ń padà bá, ni àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ fún, àwọn tí ara wọn kọ eruku inú ilé, àwọn obìnrin, àti àwọn tó ń mu sìgá nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́. Bí ìyá tàbí bàbá bá ní in, tàbí tí awọ ọmọ náà ti ń yún láti ìkókó, ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀.

Mọ́mì Tifẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti yàtọ̀ sí ti Bàbá Ìbejì nìyí. Ara wọn yá láìlo oògùn, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Ara Tifẹ́ yá, ó sì ń lo oògùn lójoojúmọ́. Ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó ti lọ. Ohun tí ẹ mọ̀ ni pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Bàbá_Ìbejì

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Kẹ́hìndé mi pé ọdún mẹ́rin, obìnrin ni. Bí ọ̀fìnkìn bá ti mú un, àyà rẹ̀ á máa súfèé, bí ọ̀fìnkìn bá lọ, á dákẹ́. Táíwò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé mo ti gbé e fún ọmọ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Ọmọdé

Bàbá Ìbejì, ẹ má tíì dá ara yín lẹ́bi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àyà rẹ̀ lè súfèé nítorí ọ̀fìnkìn nìkan. Wọ́n tọpa àwọn ọmọ kan ní Tucson, ní Amẹ́ríkà, láti ìbí wọn ní nǹkan bí 1980. Nínú àwọn tí àyà wọn súfèé kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, bí a bá kó márùn-ún jọ, bí mẹ́ta nínú wọn ti dẹ́kun nígbà tí wọ́n fi pé ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe é láìsí ọ̀fìnkìn, bó bá ń wúkọ́ lóru, bó bá ń sáré tó ń wúkọ́, tàbí tí ara rẹ̀ ń yún, ẹ tètè gbé e wá, torí ẹ̀yin fúnra yín ní in rí. Ẹ sì máa kọ ọjọ́ tó ṣe é sílẹ̀ nínú ìwé kan. Ìwé yẹn ń ran dókítà lọ́wọ́ ju "ó máa ń ṣe é díẹ̀díẹ̀" lọ.

Ọmọ_Ẹ̀kímọ̀gún

Mo kí gbogbo yín láti Oǹdó. N kò tàbùkù ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má gbàgbé ilé. Àdí ni ìyá wa àgbà fi ń pa wá láyà, wọ́n á sì fún wa lórógbó jẹ. Bí ó bá le, wọ́n á da àdí díẹ̀ sí wa lẹ́nu. A ò kú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ínhélà ni pé bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́ láéláé, á ti mọ́ ọn lára. Wọ́n sì ní ó ń ba ọkàn jẹ́, kì í jẹ́ kí ọmọ ga.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Ọmọdé

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ síta, ẹ̀gbọ́n, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò láìsọ nìyẹn.

Fífi àdí pa ọmọ láyà, bí kò bá ti rọ́pò oògùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má da àdí tàbí òróró kankan sí ẹnu ọmọ tí èémí ń há. Ọmọ tó ń jà láti mí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Òróró yẹn á gba ọ̀nà atẹ́gùn lọ, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á sì di àìsàn mìíràn sí i lára.

Ínhélà kì í di bárakú. Ẹni tó bá ń fà á lójoojúmọ́, àìsàn ló ń bẹ lójoojúmọ́, kì í ṣe pé oògùn dì í mú. Ti búlúù máa ń mú ọkàn lù kìkì fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ sì lè máa gbọ̀n, á lọ. Ti búráùn ni sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú kí wíwú inú òpó yẹn lọ sílẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ gíga: wọ́n tọpa àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan tó lò ó fún bí ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà tí wọ́n dàgbà wọ́n fi bí sẹ̀ǹtímítà 1.2 kúrú sí àwọn tí kò lò ó. Kò tó ìbú èékánná àtàǹpàkò yín. Àìsàn tí kò jẹ́ kí ọmọ sùn, tí kò jẹ́ kó jẹun, òun náà kì í jẹ́ kí ọmọ ga.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹni tó ní búlúù nìkan, tó ń fà á lọ́jọ́ gbogbo, tí kò ní búráùn rárá. Búlúù ń ṣí òpó náà fún wákàtí díẹ̀, kò tọ́jú wíwú. Láti 2019 ni ìlànà àgbáyé tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ti sọ pé kí ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 12 má dá gbé lé búlúù nìkan mọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Yaba

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, mò ń kà á lásán ni. Ṣùgbọ́n 76 tí nọ́ọ̀sì dárúkọ yẹn, mo wà lára irú wọn.

Ó fi mí sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14. Mo kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, mo gbòmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Yaba níbí ní Oǹdó. Bí a bá ń fi ẹ̀rọ gé pákó, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á bo gbogbo ara mi, ìpéǹpéjú mi á funfun. Nígbà tí mo pé ọdún 30, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo rò pé ibà ni. Nígbà tó yá mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: láti ọjọ́ Ajé títí di Jímọ̀ ni mò ń wúkọ́, ọjọ́ Ìsinmi á fúyẹ́. Bí mo bá lọ sóko fún ọ̀sẹ̀ kan, á dákẹ́ pátápátá. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, a ń gé igi ìrókò, èémí mi há débi pé ọmọ iṣẹ́ mi ló gbé mi sórí ọ̀kadà.

Dókítà bi mí pé, "Ṣé ikọ́ fée ṣe yín rí ní kékeré?" Mo ní rárá. N kò purọ́ o, mo ti gbàgbé ni. Ìyá mi tó bá mi lọ ló rán mi létí. N kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí òun ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni mo ti ń gé pákó báyìí, mo ń bo imú, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbá ilẹ̀, mo sì ń fa búráùn mi láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tó ní in rí bá fẹ́ yan iṣẹ́, ẹ rò ó dáadáa. Pákó nìkan kọ́. Dókítà yẹn sọ fún mi pé ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, ọ̀dà tí wọ́n ń fín sára mọ́tò, àti oògùn tí àwọn onídìrí fi ń sọ irun di pípọ́n, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Fámásì_Ọ̀dà_Road

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ọkọ Mọ́mì Tifẹ́, a ò sì gbọ́dọ̀ bá wọn wí. Láti 2023, nígbà tí ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èyí tí gbogbo wa mọ̀ wọlé kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó ínhélà gorí igi. Mo ń rí ìyá tó máa mú un lọ́wọ́, tó máa wo iye rẹ̀, tó máa rọra gbé e padà sórí tábìlì. Ẹ béèrè èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, oògùn kan náà ni, orúkọ ara páálí ló yàtọ̀. Kí ẹ ṣáà rí i pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ọjọ́ rẹ̀ má tíì kọjá.

Ẹ má sì jẹ́ kó ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fín in sí ẹ̀yìn ọ̀fun, ara ahọ́n ni oògùn ń kù sí. Ike tí wọ́n ń fi bọ ẹnu ínhélà, tí oògùn máa kọ́kọ́ dúró sínú rẹ̀ kí ọmọ tó fà á, wọ́n ń tà á, ó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ní South Africa ti dán ike omi onídajì lítà wò, ìyẹn 500 ml, ìwé ìwádìí wọn jáde ní 1999, ó ṣiṣẹ́ fún ọmọdé bí èyí tí wọ́n ń rà.

Bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn oníbàárà mi nìyí. Mo ń fọ ike náà, mo ń jẹ́ kó gbẹ. Mo ń tẹ wáyà kó rí bí ẹnu ínhélà gan-an, mo ń yọ́ ọ lórí iná títí á fi pọ́n, mo ń fi ẹ̀mú mú un kan ìdí ike náà. Ike á yọ́, ihò á lu. Lójú ẹsẹ̀ kó tó tutù ni mo ń ki ẹnu ínhélà bọ̀ ọ́, kó lè dì í mú rékété, mo wá ń fi gúlúù dí etí rẹ̀. Ẹnu ike tí a ń gbà mumi ni ọmọ máa fi sẹ́nu. Ẹ gbọn ínhélà, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí wọlé mí síta lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ike, kí ẹ tó tẹ èkejì. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, omi ọṣẹ ni, ẹ jẹ́ kó dá gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀, torí bí ẹ bá nù ún, ara ike á máa fa oògùn mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn búráùn, kí ahọ́n má baà funfun. Ẹ má sì máa ju ínhélà sínú omi láti mọ̀ bóyá ó ti tán. Bó léfòó tàbí kò léfòó, kò sọ nǹkan kan. Iye ìgbà tó máa tẹ̀ wà lára páálí, 200 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ máa kà á.

Ọmọ_SS3

Ẹ káàsán o, mà, ẹ káàsán, sà. Ọmọ ọdún 17 ni mí, bọ́ọ̀dìnì ni mo wà. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún Mọ́mì Tifẹ́ torí kò sí ọmọ tó máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ JSS 1, wọ́n rí ínhélà lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ mí ní "Fíìfíì". Àwọn kan ò jẹ́ kí n mu omi nínú kọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní ó máa ràn wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ínhélà pamọ́ sábẹ́ fóòmù. Ìyá mi máa ń béèrè lórí fóònù pé, "Ṣé o ń fà á?" mo máa ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Oṣù mẹ́rin ni n kò fi fà á. Kò ṣe mí nǹkan kan, mo ní ó ti lọ.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ká gé koríko ẹ̀yìn kíláàsì. Wọ́n tún ń sun pàǹtírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo rí i pé èémí mi ń kúrú, ojú sì ń tì mí láti sọ. Mo rọra ń rìn lọ sí hósítẹ̀lì láti mú ínhélà lábẹ́ fóòmù, n kò dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ JSS ló bá mi nílẹ̀ nínú kọ́rídọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn ló mọ ibi tí mo fi pamọ́ sí. Òun nìkan.

Mà, ẹ má wulẹ̀ fún un ní ínhélà nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mọ̀.

ÌyáTifẹ́

Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á. Ọlọ́run tó dá ẹ sí á máa dá ẹ sí. Sọ fún ìyá ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, sọ fún un lónìí.

Olùkọ́_Ilé_Ìwé

Èmi náà ka ti ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ bọ́ọ̀dìnì ni mí. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa náà wà níbẹ̀. Ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, gbogbo oògùn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ tó bá dé, wọ́n á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ métírọ̀nù, métírọ̀nù á lọ sọ́jà. Ẹ bá ilé-ìwé sọ ọ́ kí ọmọ tó wọlé: kí búlúù wà lára ọmọ fúnra rẹ̀, kí èkejì wà lọ́dọ̀ métírọ̀nù. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì, kí ni kí a ṣe bó bá gbé ọmọ lóru? Ṣé kí a sì máa yọ wọ́n kúrò nínú eré ìdárayá?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Ọmọdé

Ẹ ṣé, tíṣà. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ má pagbo lé e lórí. Ẹ fún un ní búlúù nínú ike, ẹ̀ẹ̀kan, kó mí, ẹ̀ẹ̀kan, kó mí, títí dé mẹ́wàá. Bí kò bá fúyẹ́, ọsibítù ni, ẹ máa fún un lọ lójú ọ̀nà. Bí kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ kan tán, bí ètè bá ń dúdú, bí ìhà bá ń jìn wọlé, ẹ má dúró ka iye kankan, ẹ gbéra. Bí àyà tó ń súfèé bá dákẹ́ lójijì tí ọmọ sì ń rẹ̀, kò tíì yá o: atẹ́gùn ni kò wọlé mọ́.

Eré ìdárayá, rárá, ẹ má yọ wọ́n. Kí ó fa búlúù bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú bí dókítà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì mú ara gbóná díẹ̀díẹ̀. Paula Radcliffe tó sáré máráthọ́ọ̀nù ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 ní London ní 2003, ikọ́ fée wà lára rẹ̀ láti kékeré. Paul Scholes tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester United náà ní in. Ìsun pàǹtírí ni kí ẹ yọ wọ́n nínú rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tó kan àwọn ọ̀dọ́: sìgá, igbó àti shíṣà. Ọmọ tí òpó rẹ̀ ń sinmi, ẹ má jẹ́ kó fi èéfín jí i.

ÌyáTifẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti mú Tifẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Wọ́n fún un ní búlúù, wọ́n ní ká jókòó díẹ̀, wọ́n tún ní kó fẹ́ ẹ. Tẹlẹ̀ẹ́kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Dókítà fi í hàn mí lójú ẹ̀rọ, ó ní, "Mà, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ ṣì ń há díẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀." Mo bi wọ́n bóyá a lè dá búráùn dúró. Wọ́n ní bó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí ara ọmọ ti balẹ̀, a lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí a máa wò ó, ṣùgbọ́n a kì í dín in kù nígbà tí ọmọ fẹ́ kúrò nílé tàbí tí ọyẹ́ ń bọ̀. Kó kọ́kọ́ lọ sí bọ́ọ̀dìnì, kí ilé-ìwé mọ́ ọn lára, kí ọyẹ́ kọjá. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a máa dín in kù sí ìdajì. Ọkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ fúnra wọn. Ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Màámà ni mo ń bẹ̀rù láti sọ fún. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà sí wọn létí lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n pè mí padà, wọ́n ní àwọn ti pe àbúrò ọkọ mi yẹn, àwọn bi í. Ó ní lóòótọ́, láti bí ọdún mẹ́ta, bí ọyẹ́ bá ti dé, orí àga ló ń jókòó sùn, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ní kí n fi nọ́ńbà dókítà ránṣẹ́ sí òun.

Ọ̀rẹ́ Tifẹ́ kan láti kíláàsì rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé kan náà. Mo pè é wá sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Tifẹ́ fi ike omi tí mo gbà ní fámásì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ọmọ náà ń kà á sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé márùn-ún. Mo ti rán àpò kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò unifọ́ọ̀mù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Búlúù wọ inú rẹ̀ rékété.